Ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń tà fáwọn tó fẹ́ dín sísanra kù

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara sísan ń kọ lóminú ló ń ra oògùn oníhóró tí wọ́n kọ milk thistle sí lára ike rẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ó sì ń yọ́ ọ̀rá ikùn. Wọ́n tún ń pò ó mọ́ ìpara ojú. Èwo ni òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀?

Agbègbè Òkun Mẹditaréníà ni orírun ewéko náà. Ẹ̀gún yí ewé rẹ̀ ká, òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, ìlà funfun sì wà lára ewé náà bí ẹni pé wàrà kán sí i. Àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ gbà pé wàrà ọmú Màríà ìyá Jésù ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń pè é ní Silybum marianum. Ẹbí kan náà ni òun, ewúro àti yánrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yánrin kò tíì di ohun tí wọ́n ń fi dọ́là rà.

Èèpo hóró rẹ̀ ni èròjà tí wọ́n ń wá wà. Silymarin ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kọ́kọ́ fún òróró inú hóró náà kúrò, kí wọ́n tó fi ọtí líle tàbí kẹ́míkà mìíràn yọ silymarin jáde. Òróró yẹn kì í ṣòfò, òun náà ń bọ́ sínú ìpara. Silymarin kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò nínú omi, nítorí náà, ẹni tó ń se hóró náà bí àgbo kò rí púpọ̀ mu nínú rẹ̀.

Àwọn dókítà ní Yúróòpù máa ń fa oògùn tí wọ́n rí lára silymarin sí iṣan ẹni tó bá jẹ olú olóró, kí májèlé má baà ráyè wọ ẹ̀dọ̀. Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn nìyẹn, kì í ṣe hóró inú ike. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, lórí èèyàn 154 tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi C, fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, àwọn tó lo silymarin kò sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú lọ.

Ní ti sísanra, kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń yọ́ ọ̀rá. Láti ọdún 1994 ni òfin Amẹ́ríkà ti gba àwọn tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyè láti tà á láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi hàn fún ìjọba pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ewu tó wà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ti ara ewéko náà wá. Lọ́pọ̀ ìgbà ni FDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti rí sibutramine tí wọ́n fi pamọ́ sínú oògùn ìdín-sanra tí wọ́n pè ní egbòogi lásán. Ọdún 2010 ni wọ́n kó sibutramine kúrò lọ́jà níbẹ̀, torí pé ó lè fa rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn.

Milk thistle fúnra rẹ̀ lè mú kí ara yún ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba ewéko irú rẹ̀. Ó sì lè dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, nítorí náà, kí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ mú ike náà lọ fún dókítà rẹ̀ wò kó tó ṣí i.