Ṣé o mọ̀? Orin kan, àṣẹ méjì

Kí orin kan ṣoṣo tó wọ Rock Band, géèmù olórin tí Harmonix gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, wọ́n ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni orin tí wọ́n kọ, kí wọ́n sì tún gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wíwá téèpù tí gìtá, ìlù àti ohùn ti dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí téèpù orin àtijọ́ bá ti sọnù ńkọ́? Wàhálà dé nìyẹn.

Àyè náà tún jẹ́ ìṣòro: ibi ìpamọ́ inú Wii, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tí géèmù náà ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, kò ju mẹ́gábáìtì 512 lọ. Kíá ni àwọn orin tí èèyàn rà ń kún un.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àṣẹ máa ń parí: orin á kúrò lórí àtẹ, ẹni tí kò tètè rà á kò ní rí i rà mọ́. Orin tuntun pàápàá kò wọlé mọ́: Oṣù Kìíní 2024 ni Rock Band 4, ẹ̀dà kẹrin géèmù náà, gba orin tuntun kẹ́yìn.