Ìmúrasílẹ̀ fún Fífi Ọkọ̀ Òfurufú Ṣèwádìí Ìjì Tó Ń Gbérí

Púpọ̀ nínú ìjì líle orí òkun Àtìláńtíìkì ló ń ti ara ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń gba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá ṣẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí àjọ NASA fi gbé ọkọ̀ òfurufú DC-8 lọ sí erékùṣù Sal ní Cape Verde ní ọdún 2006 àti 2022.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ a kọ́kọ́ yẹ àwòrán sátẹ́láìtì wò, wọn a sì fi àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà wé e. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò la ipa-ọ̀nà sílẹ̀, tí wọn yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn olùdarí ìrìnnà òfurufú, pàápàá nítorí dropsonde tí wọn ń jù sílẹ̀. Páráṣúùtì ló ń gbé ohun-èlò yìí bọ̀ wálẹ̀. Bí ó ti ń bọ̀ ni ó ń wọn ìgbóná, ọ̀rinrin, ìfúnpá àti eré afẹ́fẹ́.

Ìgbì kan a di ìjì ńlá, òmíràn a sì tú ká. Wíwọn wọ́n ní kékeré ló lè fi ìdí rẹ̀ hàn, kí àwọn ará etíkun lè tètè sá àsálà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.