Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Gbòǹgbò Igi Íńdíà

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ẹni tí ó ní in lè máa jẹun, kí ó máa sùn, kí ó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí nǹkan kan má sì dùn ún. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ lára, ó lè ba ọkàn, ojú àti kíndìnrín jẹ́. Ó sì lè fa àrùn rọpárọsẹ̀ lójijì.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá ni ó lè sọ òtítọ́. Nọ́ńbà méjì ni ó máa ń fi hàn. Bí èkíní bá tó 140, tàbí tí èkejì tó 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn.

Ní Íńdíà, ìṣègùn ìbílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ayurveda. Ó ti wà fún ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ. Oníṣègùn rẹ̀ kì í kàn fún ènìyàn ní egbòogi. Ó máa ń bèèrè bí ó ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń sùn, àti ohun tí ó ń dà á láàmú. Ó lè ní kí ó máa jí ní kùtùkùtù, kí ó sì máa jókòó jẹ́ẹ́, kí ó máa rọra mí.

Wọ́n ní igi kékeré kan tí ń jẹ́ sarpagandha. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú wèrè àti àìróorunsùn. Ní 1949, Dókítà Rustom Jal Vakil ti ìlú Bombay, tí à ń pè ní Mumbai nísinsìnyí, kọ̀wé pé gbòǹgbò náà ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jáde. Wọ́n pè é ní reserpine, ó sì di oògùn oníhóró.

Ìbátan igi yìí wà nílẹ̀ wa. Asofẹ́yẹjẹ ni. Reserpine wà nínú tirẹ̀ náà.

Ṣé kí a wá máa hú gbòǹgbò sè ni? Rárá o! Oògùn tí ó lágbára kò ṣe é bù mu lásán. Dókítà mọ ìwọ̀n tí ó wà nínú oògùn oníhóró kan. Ta ni ó mọ iye tí ó wà nínú ife àgbo kan? Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kí ènìyàn dákú. Ó tún lè mú ìbànújẹ́ ńlá wọ inú ọkàn ènìyàn. Nítorí irú èyí ni àwọn dókítà fi ń lo oògùn mìíràn tí ó sàn jù ú lọ. Wọ́n tilẹ̀ ti bá òjé nínú àwọn oògùn Ayurveda kan tí wọ́n ń tà.

Ṣùgbọ́n ní ti ìwà ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ oníṣègùn Íńdíà àti ti dókítà kò jìnnà síra. Ohun tí a lè ṣe nìyí:

Kí gbogbo iyọ̀ tí à ń jẹ lójúmọ́ má tó ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú màgí wà lára rẹ̀ o.
Kí a máa fi ẹsẹ̀ rìn dáadáa fún 30 ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀.
Kí a máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso.
Kí a dín ọtí kù, kí a sì fi tábà sílẹ̀.
Kí a máa sùn dáadáa.

Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ yá. Ara yá nítorí pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ni. Bí ó bá sì ń mu àgbo, kí ó sọ fún dókítà, kí ó má fi pamọ́.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.