Ṣíìsì Tí Báńkì Ń Gbà Dógò

 

Ní ilé wa, alẹ́ Sátidé ni alẹ́ písà. Nígbà tí a ṣírò iye tí à ń san fún ẹni tó ń gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà, a pinnu láti máa ṣe é fúnra wa. Kò le rárá. Ẹni tó bá ti po púfù-púfù rí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe tán: ìdajì kílò fúláwà, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwúkàrà, iyọ̀ àti òróró ólífì díẹ̀. Ẹ pò ó, ẹ bò ó kó wú, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ẹ fi tòmátò àti mozzarella sí i. Kí ófùn gbóná dé ibi tó bá lè gbóná dé kí ẹ tó tì í wọlé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ojú oníṣirò owó wo rìsíìtì ọjà, ohun kan wà tí owó rẹ̀ ju ti fúláwà, tòmátò àti ìwúkàrà lápapọ̀: ègé kékeré Parmigiano Reggiano tí à ń rin sórí rẹ̀. Kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri ní Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́, kíá ni wọ́n ń fẹ́ tà á tán kó tó bàjẹ́. Ti Ítálì yìí, dídúró ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mọ́ńkì Ìjọ Àgùdà tó ní màlúù púpọ̀ nítòsí Parma àti Reggio Emilia ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí wọ́n ń wá ọ̀nà tí wàrà á fi pẹ́ nílẹ̀, tí á sì lè rìn jìnnà. Ìwé àdéhùn kan tí wọ́n kọ ní Genoa ní 1254 ti dárúkọ ṣíìsì Parma. Nígbà tí iná ńlá jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666, Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, gbẹ́ ihò, ó sì kó wáìnì àti ṣíìsì Parma rẹ̀ sínú rẹ̀. Nílé tiwa, owó ẹyọ ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀.

Odidi kan ń gba nǹkan bí lítà wàrà 550, ó sì ń wọn nǹkan bí 40 kílò. Ìkòkò bàbà ni wọ́n fi ń sè é. Á wà nínú omi iyọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di orí pẹpẹ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn kó tó pé oṣù 12. Òmíràn ń dé 24 tàbí 36. Ayẹ̀ọjàwò yóò fi òòlù kékeré kàn án, yóò tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, kí wọ́n tó fi irin gbígbóná tẹ òǹtẹ̀ sí i.

Ẹ wo ìṣòro náà: olówó wàrà ń béèrè owó rẹ̀ lónìí, ẹni tó máa ra ṣíìsì kò ní dé kí ọdún kan tàbí méjì tó pé. Láti 1953 ni báńkì Credito Emiliano ti ń gba ṣíìsì yìí dógò. Inú àká tiwọn ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n ń yí i, wọ́n ń fọ eruku rẹ̀, bó sì ti ń gbó ni owó rẹ̀ ń gòkè. Bí ẹni tó yáwó kò bá lè san, wọn á tà á. Ewu wà níbẹ̀ o: nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Emilia ní oṣù karùn-ún 2012, pẹpẹ wó ní ọ̀pọ̀ àká, ọ̀kẹ́ àìmọye odidi ṣíìsì sì bàjẹ́.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kó ẹja gbígbẹ àti èlùbọ́ wọ̀lú lọ yáwó ní báńkì kan níbí. Ilé ni wọ́n ní kó fi dógò. Ọjà tó kún sítóò rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ wò ó. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í pé ìwé ọjà náà dà, ọjọ́ tó wọlé, iye tó kù, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí. Ṣíìsì tí à ń wí yìí, nọ́ńbà wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A ti jọ bẹ̀rẹ̀ ìwé náà báyìí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, èèpo rẹ̀ ni kí ẹ wò. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní tótó-tòtò. Ní 2008, ilé ẹjọ́ àgbà ti Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ kan tó kan Jámánì pé ẹni tó bá kọ Parmesan sára ọjà mìíràn ń fi orúkọ Parmigiano Reggiano jẹun. Àwọn ènìyàn wa ní Amẹ́ríkà ló yẹ kó lajú jù, nítorí níbẹ̀ wọ́n lè pe ṣíìsì tí kì í ṣe ti Ítálì ní Parmesan. Àwa náà, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ra ti inú agolo tó rí bíi gàrí, a sì rò pé òun náà nìyẹn.

Ẹ má da èèpo líle náà nù. Àwọn ará Ítálì ń sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ kó jọ hó. Ẹ̀wà ni àwa ń fi í sè, kò sì sí ọmọ kan tó tíì bi wá ní ohun tó wà nínú ìkòkò.