Àpótí Méjì Nínú Orúkọ Ìyá Àgbà: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Lẹ́tà, Àwọ̀ àti Ìtẹ̀wé

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé páálí ìwé ètò ìsìnkú ìyá ìyá mi wọlé láti Ṣómólú. Ẹ̀dà 200 ni. Ọjọ́ kejì ni àìsùn. Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ náà, nítorí gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé iṣẹ́ gíráfíìsì ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, wọn kò sì fẹ́ gbé ìwé ìyá wọn fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìkẹjà, mú ẹyọ kan, ó gbé e sún mọ́ iná, ó ní: "Ọmọ mi, ta ni wọ́n kọ síbí yìí?"

Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ tí mo kọ. Ohun tó wà lórí ìwé ni À, b, àpótí òfìfo kan, k, àti àpótí òfìfo mìíràn, tí àmì ohùn sì rọ̀ lórí wọn bí eṣinṣin. Nínú ilé, lórí kọ̀ǹpútà mi, orúkọ náà pé pérépéré. Onítẹ̀wé kò ṣẹ̀, ohun tí mo gbé fún un ló tẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Bàbá kò dáhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi, àwọn àbúrò mi méjì àti èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bírò dúdú. À ń kọ lẹ́tà sínú àpótí, méjì lórí ìwé kan, 400 lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé nìkan la lè tún ṣe. Orin inú rẹ̀ pọ̀ ju agbára wa lọ. Màmá mi kò bá mi wí. Ó kàn ń kọ orúkọ ìyá rẹ̀ nìṣó. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bọ́tìnnì ni mo mọ̀ ọ́n tẹ̀, n kò mọ ohun tí sọ́fútíwíà ń ṣe sí iṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń fi PixelLab ṣe káàdì ọjọ́ ìbí lórí fóònù ni mo ti ń pe ara mi ní oníṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú náà, mo tún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà.

Lẹ́tà tí fọ́ǹtì kò ní

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí lẹ́tà tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn lè jẹ́ lẹ́tà kan náà ní London. Nọ́ńbà ẹ ni U+1EB9, ti ọ ni U+1ECD, ti ṣ sì ni U+1E63. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì ló ń ya àwòrán lẹ́tà náà. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá ya àwòrán fún nọ́ńbà kan, sọ́fútíwíà yóò yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Bí kò bá rí ibi yá, àpótí òfìfo ni yóò gbé jáde.

Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Fọ́ǹtì aláràbarà tí mo lò kò ní ẹ rárá. Kọ̀ǹpútà mi yá a níbòmíràn láìsọ fún mi, ti onítẹ̀wé kò rí ibi yá a. Ẹ wo pátákó ìpolówó ojú títì dáadáa: níbi tí ẹ àti ọ ti tínrín tàbí tí wọ́n sanra ju àwọn lẹ́tà ẹgbẹ́ wọn lọ, a yá wọn ni.

Kí ló dé tí fọ́ǹtì kan náà fi ní à àti é ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ? Àwọn èdè Yúróòpù bíi Faransé ń lo à àti é, nítorí náà wọ́n wà nínú fọ́ǹtì púpọ̀. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún un yóò ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n èdè Vietnam kì í lo ṣ. Fọ́ǹtì lè tipa bẹ́ẹ̀ kọ "ọkọ" dáadáa, kó sì já yín kulẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé "Ọ̀ṣun".

Ìdíwọ́ kejì ni pé ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Méjì la ń so pọ̀: ẹ kọ́kọ́ wá, àmì ohùn tẹ̀ lé e, U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ǹtì tó dára ní ibi ìdúró tí a ti wọ̀n fún àmì náà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò ní i yóò ju àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó gùn ún mọ́ orí lẹ́tà ńlá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó bá kọ ọkọ̀ fún ọkọ nínú ìwé ìgbéyàwó ti fi mọ́tò fún ìyàwó.

Nísinsìnyí, n kì í yan fọ́ǹtì kí n tó fi gbólóhùn yìí dán an wò: "Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀ṣun ń bọ̀, ǹjẹ́ ẹ gbọ́?" Lẹ́tà ńlá wà níbẹ̀, ṣ wà níbẹ̀, ń àti ǹ náà wà. Noto Sans, Noto Serif, Gentium, Charis SIL àti Andika yege, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ní ti títẹ ọ̀rọ̀, Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, Gboard náà ní i lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí ìlà mí

Yorùbá ní ohun tó wà lórí lẹ́tà, ó tún ní ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà méjì bá sún mọ́ra jù, àmì abẹ́ ìlà òkè yóò forí gbárí pẹ̀lú àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Àwọn sọ́fútíwíà Adobe máa ń fi àlàfo ìlà sí 120 nínú 100 ìwọ̀n lẹ́tà. Ìyẹn tó fún Gẹ̀ẹ́sì, ó fún Yorùbá pa. Lẹ́tà oníwọ̀n 11 ni mo máa ń lò fún inú ìwé, mo sì máa ń fi àlàfo rẹ̀ sí 16. Ẹ má sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, torí yóò bo àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ nípọn, tàbí kí ẹ yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Fọ́tò ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìlà ní tirẹ̀

Inú Photoshop ni mo ti ṣe gbogbo ìwé ètò yẹn, àti ọ̀rọ̀, àti fọ́tò, àti òdòdó. Fọ́tò ni agbára Photoshop. Àwọn ojúàmì kéékèèké, tí à ń pè ní píksẹ̀lì, ni ó fi ń ṣiṣẹ́, bí ẹní tí a fi ewé aláwọ̀ oríṣiríṣi hun. Bí ẹ bá fẹ ẹní náà sí i, ihò rẹ̀ ni yóò hàn. CorelDRAW, Illustrator àti Inkscape ní ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń rántí ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti tẹ̀, ibi tó parí sí. Ẹ fẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n pátákó ojú títì, yóò mọ́ bákan náà. Ìdí nìyí tí àmì ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ti píksẹ̀lì.

Ìlà tó ń tẹ̀ yẹn ni à ń pè ní ìlà Bézier, orúkọ Pierre Bézier tó ṣiṣẹ́ ní Renault ní ilẹ̀ Faransé. Ara mọ́tò ni wọ́n ń fi í yà. Pẹ́ẹ̀nì tí a fi ń ya á ló le jù fún mi láti kọ́. Ohun tó là mí lójú ni pé kí ojú kókó kéré. Orí ibi tí ìlà ti ga jù, tó ti lọ sílẹ̀ jù, tàbí tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ jù ni kókó ń dúró sí. Igbá tí mo fi kókó 23 yà rí wúruwùru. Nígbà tí mo fi 4 yà á, ó dán bí igbá tuntun.

Inkscape ni mo fi kọ́ ọ. Ọ̀fẹ́ ni, kò nílò dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kì í sì í béèrè owó oṣooṣù.

Aró àti iná

Ẹni tó bá ti rí aláró lẹ́nu iṣẹ́ ti mọ ìdí tí àwọ̀ fi ń yí padà ní ilé ìtẹ̀wé. Aṣọ funfun ni aláró fi bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń tì í bọ ìkòkò tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dúdú sí i. Bébà rí bẹ́ẹ̀: íǹkì CMYK, ìyẹn búlúù, pupa aláwọ̀ àlùkò, yẹ́lò àti dúdú, ń gba ìmọ́lẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Iná ni ojú kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ló ń tàn, bí wọ́n sì ṣe ń kún ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń di funfun. RGB nìyẹn, láti 0 dé 255 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lórí fóònù kò sí nínú íǹkì, bí onítẹ̀wé ṣe wù kó mọṣẹ́ tó.

Búlúù ló ń dójú tini jù. Bí C bá jẹ́ 100 tí M náà sì jẹ́ 100, àwọ̀ tó sún mọ́ àlùkò ni yóò jáde. Mo máa ń jẹ́ kí M fi ó kéré tán 30 kéré sí C. Ọ̀rọ̀ kékeré ńkọ́? K 100 nìkan ni mo máa ń fún un, torí bí íǹkì mẹ́rin bá kóra jọ sórí lẹ́tà tóóró, bébà yóò yẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì ní òjìji.

Kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín

Mo ti lẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà mi:

1. Fọ́tò: píksẹ̀lì 300 nínú ínṣì kan. Fún ojú ewé A5, tó jẹ́ mílímítà 148 sí 210, píksẹ̀lì 1748 sí 2480 nìyẹn. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán ti súnkì. Ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ńtì.
2. Etí ìwé: ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn kọjá etí pẹ̀lú mílímítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀bẹ má baà fi etí funfun sílẹ̀. A5 yóò di 154 sí 216.
3. Lẹ́tà: ẹ sọ ọ̀rọ̀ di ìlà kí fọ́ǹtì má wúlò mọ́. Ctrl+Q ni nínú CorelDRAW, Ctrl+Shift+O nínú Illustrator, Ctrl+Shift+C nínú Inkscape. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà mìíràn pamọ́, torí ọ̀rọ̀ tó ti di ìlà kò ṣe é tún kọ mọ́.
4. PDF ni kí ẹ gbé lọ, kì í ṣe fáìlì iṣẹ́. Ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn kí ẹ tó jáde nílé.
5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ẹyọ kan kí wọ́n tó tẹ 200, kí ẹ sì fún ẹni tó mọ Yorùbá kà dáadáa pé kó kà á sókè.

Kíkà sókè yẹn ṣe pàtàkì. Oníṣẹ́ kì í ka ọ̀rọ̀, àwòrán ni ojú rẹ̀ ń wò. Bàbá Ìkẹjà rí àpótí méjì yẹn láàárín ìṣẹ́jú kan nítorí pé orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń wá.

Bí mo ṣe kọ́ ọ

Mo gbìyànjú láti kọ́ sọ́fútíwíà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni irinṣẹ́ kan, ohun kan, lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 14. Pẹ́ẹ̀nì ni irinṣẹ́ náà. Lónìí igbá, lọ́la àdá, lọ́tùn-ún ìlù. Lẹ́yìn náà ni mo mú àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, mo ya ojú ẹyọ kan, mo sì kọ́ bí Inkscape ṣe ń tún un tò títí yóò fi kún ojú aṣọ. Àwọn ìyá tó ń fi ẹ̀kọ àti ìyẹ́ adìyẹ ya á sára aṣọ ti mọ ìtò yẹn kí kọ̀ǹpútà tó dé. Bí iná bá lọ, bébà àti pẹ́ńsùlù ni mo máa ń gbé, mo sì rí i pé iṣẹ́ tí mo bá kọ́kọ́ yà sórí bébà máa ń yá lórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ìyá àgbà dé, wọ́n tún gbé iṣẹ́ náà fún mi. N kò retí rẹ̀. Mo lo Gentium, mo jẹ́ kí ìlà mí, mo tẹ ẹyọ kan, mo sì gbé e lọ bá Bàbá Ìkẹjà. Ó kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀, orin àti gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé orí orúkọ náà, ó fi ìka tọ́ ọ, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí n lọ tẹ ìyókù.