Abẹ Tó Kú Ni Ó Ń Géni Lára

Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: abẹ tí wọ́n fi ń fá orí yín, ta ni ó pọ́n ọn, orí ta ni ó sì ti fá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Ìdí tí mo fi béèrè ni mo fẹ́ rò fún yín lọ́sẹ̀ yìí.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti kékeré mi, abẹ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, èyí tí a ń ká wọ inú èèkù rẹ̀, tí wọ́n fín orúkọ Solingen sí nídìí. Solingen jẹ́ ìlú kan ní Jámánì tí iṣẹ́ ọ̀bẹ àti abẹ sọ di olókìkí, bí Sheffield ti jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní èṣí, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti òní lọ, ìwọ ni yóò máa fá irùngbọ̀n mi."

Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ náà ti kú díẹ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò mọ bí a ti í pọ́n ọn. Mo yọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo mú òkúta tí ìyàwó mi fi ń pọ́n ọ̀bẹ ìdáná, mo sì pọ́n abẹ náà títí ó fi ń dán. Nígbà tí mo gbé e lé àgbọ̀n bàbá, kò gé irun. Awọ ni ó gé. Ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ìwé ni o kà. O kò ì tí ì ka abẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹgba lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi aṣọ wé abẹ náà, mo sì gba Sábó lọ ní Ìbàdàn, sọ́dọ̀ àgbà onígbàjámọ̀ kan. Bàbá náà gbé abẹ sókè sí oòrùn, wọ́n wo ẹnu rẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, abẹ ni èyí ni, àbí ayùn?"

Ayùn ni lóòótọ́. Òkúta ilé ìdáná rí ṣákaṣàka. Ó ń gbẹ́ eyín wẹ́wẹ́ sí ẹnu irin. Eyín wọ̀nyí wúlò fún ọ̀bẹ tí yóò gé ẹran, ṣùgbọ́n lára ènìyàn wọn a máa họ awọ ni. Abẹ tó kú kò sàn jù ú lọ, nítorí pé ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kí ó tó lè gé irun, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́. Èkínní, òkúta ìpọ́nbẹ tí wọ́n ń tà ní nọ́ńbà: bí nọ́ńbà bá ti pọ̀ tó ni òkúta ṣe ń kúnná tó. Oní-1,000 ni a fi ń jí abẹ tó kú. Oní-4,000 a pa ipa rẹ̀ rẹ́. Oní-8,000 a sì mú kí ẹnu rẹ̀ jọ̀lọ̀.

Èkejì, ojú òkúta gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i lójú, kí ẹ fi í ra sáńpépà tútù tí ẹ tẹ́ sórí dígí, títí gbogbo ìlà náà yóò fi parẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi omi rin òkúta, kí ẹ tẹ́ abẹ lé e kí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ jọ kàn án. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀yìn sókè rárá. Ẹnu ni kí ó máa ṣíwájú, bí ẹni fẹ́ bó nǹkan fẹ́lẹ́ lójú òkúta. Bí ẹ bá dé òpin, ẹ yí i lé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì padà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n abẹ fúnra rẹ̀ tó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má kúrò lórí oní-1,000 títí gbogbo ẹnu abẹ, láti ìdí dé ṣóńṣó, yóò fi máa gé irun apá. Ibẹ̀ ni ìwàǹwára ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìkarùn-ún, ẹ fà á lórí awọ ní nǹkan bí ìgbà 50. Níbẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò máa ṣíwájú, kí ẹnu má baà gé awọ. Lẹ́yìn ìlò, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ pa á kí ó má dípẹtà, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n mímú kì í ṣe mímọ́. Kòkòrò àrùn hepatitis B, tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lóde ara ènìyàn fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí sì lè gbé e. Òkúta kì í pa á, awọ kì í pa á, fífi omi ṣan abẹ kò sì tó. Nítorí náà, abẹ bàbá mi, ti bàbá mi ni; èmi ra tèmi. Láti ọdún 1903 ni ilé iṣẹ́ Gillette ti ń ta bíléèdì àlòdànù. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ ní kí ó tú tuntun lójú yín. Kì í ṣe àfojúdi.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ayùn tó padà di abẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, mo fá irùngbọ̀n bàbá. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, wọ́n ra ti òsì, wọ́n ní, "O ti ń kà á bọ̀."

Bí abẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọwọ́ tèmi náà yóò máa gbọ̀n. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò mí nígbà tí mo bá ń pọ́n abẹ. N kò tí ì jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n n kò lé e.