Bí Ọmọ Tàbí Ọkọ Bá Ń Kàwé ní Òkè Òkun: Òfin Iṣẹ́ Tí Ó Yẹ Kí Obìnrin Mọ̀

Ẹ̀yin aya ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kan ọ̀pọ̀ ilé ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò dé Arámọ̀kọ, títí lọ dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àwa ará Èkìtì kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. À ń ta iṣu, à ń ta kòkó, àwọn mìíràn a tilẹ̀ ta ilẹ̀, kí ọmọ ṣáà lè kàwé. Láyé àtijọ́, Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ni ọmọ ń lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ń kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Bí ọmọ bá sì ti gúnlẹ̀ tán, ìbéèrè tí ilé sábà máa ń kọ́kọ́ bi í kì í ṣe pé, “Báwo ni ẹ̀kọ́?” bí kò ṣe pé, “Ṣé o ti rí iṣẹ́?”

Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ó léwu bí ẹni tí ń béèrè kò bá mọ òfin tí ó de ọmọ náà. Ẹni tí ó lọ kàwé ní ilẹ̀ àjèjì kò lè ṣiṣẹ́ bí ó ti wù ú. Físà tí wọ́n fún un, ti ẹ̀kọ́ ni; iṣẹ́ kàn tẹ̀lé e lẹ́yìn ni, ó sì ní ìwọ̀n.

AYÉ TI YÍ PADÀ

Àwọn àgbà kan lè sọ pé, “Ṣebí iṣẹ́ ni lágbájá fi kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó tún ń fi owó ránṣẹ́ sílé?” Òótọ́ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ṣáájú oṣù keje ọdún 1962, ọmọ ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì lè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Òfin ọdún 1962 ni ó kọ́kọ́ pa ilẹ̀kùn náà dé, àwọn òfin mìíràn sì ti tẹ̀lé e. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí ó ṣe bàbá àgbà ní àǹfààní nígbà náà lè kó ọmọ ọmọ rẹ̀ sí wàhálà lónìí.

IṢẸ́ TÍ Ó JẸ́ ARA Ẹ̀KỌ́

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní “IT”. Àjọ ITF, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ọdún 1973. Ọmọ tí ń kàwé ní Pọlitẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ ní Adó-Èkìtì lè lọ sí ilé iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó kà nínú ìwé. Kò sí ẹni tí yóò bi í ní físà, nítorí pé ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ó wà. Irú ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní òkè òkun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n fún àlejò, ọ̀rọ̀ náà di ti ẹni mẹ́ta: ilé ìwé, ilé iṣẹ́ àti ìjọba.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé oyè ní yunifásítì kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wà ní ìwọlé. Bí kọ́ọ̀sì rẹ̀ kò bá tó ti oyè, wákàtí 10 ni. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀ kan. Kò lè ṣe wákàtí 15 lọ́sẹ̀ yìí, kí ó wá fi 25 dí i lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ní láti ṣọ́ra: nígbà tí àwọn ọmọ oyè àkọ́kọ́ bá ń sinmi ní ìgbà ooru, òun ṣì ń kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀, ìwọlé ni ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ka àkókò náà sí. Kò sì gbọdọ̀ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyá tí ó bá ń di ẹrù aṣọ ránṣẹ́ kí ọmọ lè máa tà á níbẹ̀, ọ̀fìn ni ó ń gbẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ìkọ́ṣẹ́ tí ó jẹ́ ara kọ́ọ̀sì, tí ilé ìwé ń fún ní máàkì, lè ju wákàtí 20 lọ, ṣùgbọ́n ilé ìwé ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó sì fi tó ìjọba létí.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ inú ọgbà ilé ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba físà F-1 sábà máa ń rí ṣe lọ́dún àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ìwọlé. Ìkọ́ṣẹ́ tí ó jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè ní CPT. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti lo odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan kí ó tó ṣe é, àfi bí kọ́ọ̀sì oyè gíga rẹ̀ bá pa á láṣẹ pé kí ó tètè bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ orúkọ ilé iṣẹ́, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí sínú ìwé I-20. Bí ó bá fi ọjọ́ kan péré ṣáájú ọjọ́ náà, iṣẹ́ aláìláṣẹ ni. Ẹni tí ó bá sì ṣe CPT alákòókò kíkún fún oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti pàdánù OPT ní ìpele ẹ̀kọ́ náà.

OPT ni iṣẹ́ oṣù 12 tí ó bá ẹ̀kọ́ mu, tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá kàwé tán. Ìjọba ni ó ń fún wọn ní káàdì rẹ̀; bí káàdì kò bá tíì dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́. Láti 90 ọjọ́ ṣáájú ìparí ẹ̀kọ́ títí di 60 ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n lè béèrè fún un. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi wà láìníṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju 90 lọ lápapọ̀. Àwọn tí ó ka sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò lè béèrè fún oṣù 24 sí i.

ÌWỌ AYA Ń KỌ́?

Ọ̀pọ̀ aya ni ó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọkọ ti gba ìwé ilé ìwé. Ẹ farabalẹ̀ ná. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì kò lè mú aya tàbí ọmọ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí, bí irú àwọn tí ń ka oyè ọ̀mọ̀wé, àti díẹ̀ tí ìjọba ń san owó fún ni ó ṣì lè ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, aya akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ rárá. Owó ẹnì kan, tí ó ti ní ìwọ̀n tẹ́lẹ̀, ni ẹni méjì yóò máa jẹ. Ó sàn kí tọkọtaya mọ èyí kí wọ́n tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ.

ỌWỌ́ ILÉ NÍNÚ Ọ̀RÀN NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ń ṣe wákàtí 20. Ó san owó ilé, ó jẹun, ohun tí ó kù kò tó nǹkan. Ìyá ránṣẹ́ pé òrùlé ń jò. Àbúrò ránṣẹ́ pé owó ìdánwò ti tó san. Ojú ń ti ọmọ láti sọ pé òun kò ní, ó bá fi wákàtí mẹ́fà kún iṣẹ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ọ kì í fara pamọ́, nítorí pé àkọsílẹ̀ owó oṣù àti owó orí wà. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè gba físà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sílé láìgboyè. Owó iṣu àti owó kòkó tí a fi san owó ilé ìwé ti lọ nìyẹn, ìwé ìwọ̀lú mìíràn yóò sì ṣòro láti rí gbà.

Nítorí náà, kí ọmọ tàbí ọkọ tó gbéra, ẹ jókòó ṣírò owó ọdún àkọ́kọ́ bí ẹni pé kò ní rí iṣẹ́ kankan. Ẹ fi ẹnu kò pé ilé kò ní retí owó lọ́wọ́ rẹ̀ fún àkókò kan. Bí ó bá sì sọ pé òun rí iṣẹ́, ẹ bi í pé: ṣé iṣẹ́ náà bá físà rẹ mu? Wákàtí mélòó ni? Ṣé ilé ìwé ti fọwọ́ sí i? Ọjọ́ wo ni àṣẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ni ó parí? Òfin wọ̀nyí a máa yí padà, nítorí náà ọ́fíìsì tí ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì nílé ìwé rẹ̀ ni kí ó ti béèrè, kì í ṣe lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá tí ó bá lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Kàwé rẹ, a ó máa rọra jẹun níbí,” ti ṣe ìrànlọ́wọ́ tí ó ju owó lọ.